Sáàmù àbí Orin Dáfídì: Èwo Ni Ká Pè É?

Nígbà tí àwa ọ̀rẹ́ mẹ́ta ń kọ áàpù kékeré kan fún kíka Bíbélì Yorùbá, bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló dá wa dúró fún odidi ọ̀sẹ̀. Kí la máa kọ sórí ẹ̀? Ọ̀kan nínú wa ní "Orin Dáfídì" ni, torí ohun tí ìyá àgbà ẹ̀ ń pè é nìyẹn. Èkejì ní "Sáàmù" ni tòun. Àwa tí à ń kọ kóòdù mọ̀ pé ibi tí orúkọ bá ti ṣini lọ́nà ni àṣìṣe ń sá pamọ́ sí. La bá tọpa ọ̀rọ̀ náà.

Ẹnu Gẹ̀ẹ́sì la ti gbọ́ Sáàmù. Ìdí tí tiwa kò fi ní "p" nìyẹn: àwọn náà ń kọ ọ́ síwájú psalm, wọn kì í pè é. Látìnì ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn láti Gíríìkì. Níbẹ̀, psalmos ni fífi ìka ta okùn ohun èlò orin. Ó wá di orin tí wọ́n ń fi irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ gbè. Àwọn Hébérù tó ni ìwé gan-an ń pè é ní Tehillim, "àwọn ìyìn". Gbòǹgbò kan náà ló bí Halelúyà.

Dáfídì kò sí nínú ìkankan. Nínú orin 150, 73 ni àkọlé Hébérù fi orúkọ ẹ̀ sí. Ásáfù ní 12, Sólómọ́nì ní 2, Mósè ní 1. "Orin Dáfídì" kó iṣẹ́ àwọn yòókù sápò ẹnìkan.

Ṣé "ìyìn" wá bá a mu? Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹkún ni. Sáàmù 88, inú òkùnkùn ló parí sí. Síbẹ̀ wọ́n kà á mọ́ ìyìn. Ó yẹ kí èyí yé Yorùbá ju ẹlòmíì lọ: oríkì orílẹ̀ kì í ṣe adùn nìkan, a máa dárúkọ ogun, ikú àti àléébù ìdílé. Ẹni tó kì ọ́ dáadáa kò fi ibi tó ń dùn ọ́ sílẹ̀.

"Sáàmù" la kọ sórí bọ́tìnnì náà. Orúkọ olórin kọ̀ọ̀kan wà lókè orin ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣì ń dùn wá: "orin" ti bọ́ kúrò lára orúkọ náà. Ìyá àgbà tó ń pè é ní Orin Dáfídì máa ń kọ ọ́ lórin. Àwa tá a mọ orúkọ tó tọ́, ojú lásán la fi ń kà á lórí fóònù.