Ìdánìkanwà Láàárín Èrò: Àyẹ̀wò Sinimá Eyimofe

Yorùbá ka ènìyàn sí aṣọ. Ẹni tí kò ní ènìyàn, ìhòòhò ni ó wà. Nítorí èyí, ó rọrùn láti ka sinimá tí ó dá lórí ìdánìkanwà sí ohun àjèjì tí àwọn olùdarí rẹ̀ kó ti òkè òkun wá. Eyimofe, tí àwọn ìbejì Arie àti Chuko Esiri darí, tí wọ́n sì kọ́kọ́ fi hàn ní Berlin ní ọdún 2020, mú kí èrò yìí ṣòro láti gbà. Èkó ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, èrò kì í sì í jìnnà sí Mofe. Síbẹ̀, òun nìkan ni ó wà.

Iṣẹ́ iná ni Mofe ń ṣe ní ilé-iṣẹ́ kan, níbi tí ó ti ń tún àpótí iná tí ó ti gbó ṣe lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kejì. Òǹwòran tí ó ń gbé Abúlé Ẹ̀gbá, tí ó ń bá àwọn òṣìṣẹ́ du ọkọ̀ Ìkẹjà ní àfẹ̀mọ́jú, kò ní bèèrè irú ènìyàn tí Mofe jẹ́. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ni ó pa arábìnrin rẹ̀ àti àwọn ọmọ tí ó bí. Ikú náà kò ní ariwo. Nígbà tí páìpù epo gbiná ní Abúlé Ẹ̀gbá kan náà ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2006, tí ó pa ènìyàn tí ó ju 200 lọ, gbogbo ayé ni ó gbọ́. Ikú inú yàrá kan kì í dé ojúlé kejì.

Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ owó àti ìwé ni àwọn ènìyàn ń bá Mofe sọ, ní ilé ìwòsàn àti lọ́dọ̀ agbẹjọ́rò. Fíìmù mílímítà 16 ni wọ́n fi ya àwòrán náà. Àwọ̀ rẹ̀ nípọn; kámẹ́rà a sì máa dúró sójú kan, kí èrò àti ọkọ̀ máa gba iwájú rẹ̀ kọjá. (Ó pẹ́ jù ní ibì kan tàbí méjì.) Aṣọ pọ̀ lójú àwòrán, kò sì bo ara ẹni tí ó wà láàárín rẹ̀. Ìgbà tí Mofe bá tẹrí ba sórí ohun tí ó ń tún ṣe nìkan ni ìdákẹ́ rẹ̀ ń jọ ìfọ̀kànbalẹ̀.

Apá kejì, ti Rosa àti Grace àbúrò rẹ̀, kò lágbára tó báyìí. Ìdúnàádúrà pọ̀ níbẹ̀ jù, ìdákẹ́ kò sì ráyè. Spain ni wọ́n pe apá kìíní, Italy ni wọ́n pe èkejì. Ojú òǹwòran kò kan ọ̀kankan.