Glastonbury: Oko Tí Ó Di Ìlú Olódi

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1970, Michael Eavis, àgbẹ̀ tí ń sin màlúù fún wàrà ní abúlé Pilton, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣí oko rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn olórin rọ́ọ̀kì. Pọ́n-ùn 1 ni owó ìwọlé, wọ́n sì ń fún ènìyàn ní wàrà lọ́fẹ̀ẹ́. Nǹkan bí 1,500 ènìyàn ni ó wá. Lónìí, àwọn tí ń péjọ síbẹ̀ lé ní 200,000. Ní 2024, owó ìwọlé ti kọjá pọ́n-ùn 350.

Èrè ìdàgbàsókè yìí kò kéré. Orin kò mọ sí rọ́ọ̀kì mọ́: King Sunny Adé lù níbẹ̀ ní 1983, Fẹlá sì tẹ̀ lé e ní 1984.

Ṣùgbọ́n ní 2000, ogunlọ́gọ̀ fo ọgbà wọlé láìsanwó. Àjọ̀dún kò wáyé ní 2001. Ní 2002, wọ́n fi irin gíga mọ odi yí oko ká. A kò dá odi náà lẹ́bi, nítorí èrò àpọ̀jù a máa pa ènìyàn. Owó ni odi kejì, òun ni ó sì ga jù.

Síbẹ̀, wọ́n ṣì ń dá àjọ̀dún dúró lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan fún ọdún kan gbáko, kí ilẹ̀ lè sinmi, kí màlúù sì rí koríko jẹ. Èyí wú wa lórí. Àjọ̀dún tí ó ń rántí ilẹ̀ àti ẹran, ó yẹ kí ó rántí aláìní pẹ̀lú.