Ọ̀rọ̀ Orí Bọ́tìnnì: Àyẹ̀wò Ìdánwò Fọ́ọ̀mù Kan ní Amẹ́ríkà

Ohun tí a fẹ́ fi ojú lámèyítọ́ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ọ̀rọ̀ tí ó kúrú jù lọ nínú ìpolówó òde òní, èyí ni ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta tí a ń kọ sí orí bọ́tìnnì fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àpẹẹrẹ wa ni ìdánwò tí àwọn òṣìṣẹ́ ìpolongo ìbò Barack Obama ṣe ní oṣù Kejìlá, 2007, tí Dan Siroker, ọ̀kan nínú wọn, sì kọ ìtàn rẹ̀ jáde ní 2010.

Bí iṣẹ́ náà ti rí nìyí. Ẹni tí ó bá wọ ojú-ewé ìpolongo náà yóò bá àwòrán tàbí fídíò kan pàdé, pẹ̀lú àyè tí yóò kọ àdírẹ́sì ímeèlì rẹ̀ sí kí wọn lè máa fi ìròyìn ránṣẹ́ sí i. Wọ́n ṣe bọ́tìnnì mẹ́rin, àwòrán mẹ́ta àti fídíò mẹ́ta. Ìsopọ̀ wọn jẹ́ 24. Ẹ̀rọ pín àlejò 310,382 sí ojú wọn láìṣe ojúsàájú, tí ó fi jẹ́ pé nǹkan bí 13,000 ènìyàn ni ó rí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú-ewé àtijọ́, tí bọ́tìnnì rẹ̀ kà pé "Sign Up", mú kí 8.26 nínú ọgọ́rùn-ún forúkọ sílẹ̀. Èyí tí ó borí, àwòrán Obama pẹ̀lú aya àti àwọn ọmọ rẹ̀ àti bọ́tìnnì "Learn More", mú 11.6.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Claude Hopkins ti ṣàlàyé ní 1923, nínú Scientific Advertising, bí a ti ń fi kúpọ́ọ̀nù mọ ìpolówó tí ó mú èsì wá. Ohun tí ó wú wa lórí ni ìtìjú tí ó bá àwọn ọ̀mọ̀ràn: fídíò kan ni àwọn òṣìṣẹ́ ti fọkàn sí, ṣùgbọ́n fídíò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó gbẹ́yìn àwọn àwòrán. (Àwa tí a máa ń kọ ọ́ pé "òǹkàwé yóò gbà pé" láìbi òǹkàwé kankan léèrè, ọ̀rọ̀ náà kàn wá.)

Ní ti gírámà, àṣẹ ni gbólóhùn méjèèjì. "Forúkọ sílẹ̀" ni a lè pe èkínní, "Mọ̀ sí i" ni èkejì. Èkínní ní kí àlejò fi nǹkan sílẹ̀. Èkejì ní kí ó wá gba nǹkan. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni bọ́tìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ṣe: kí bọ́tìnnì náà tó jẹ́ kí o mọ ohunkóhun sí i, o ní láti fi àdírẹ́sì rẹ sílẹ̀. Ibi tí ọ̀ràn wà gan-an nìyí. Obìnrin tí ń kiri ọjà náà a máa pààrọ̀ ìpolówó rẹ̀ bí àdúgbò bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá polówó ẹ̀kọ gbígbóná tí ó sì ta èyí tí ó ti tutù, wọn yóò dá a dúró lọ́jọ́ kejì. Ta ni yóò dá bọ́tìnnì dúró?

Siroker ṣírò pé nínú mílíọ̀nù mẹ́wàá orúkọ tí wọ́n kó jọ, 2,880,000 ni kì bá tí wọlé bí kì í bá ṣe ojú-ewé tuntun. Ó sọ ọ́ di 60 mílíọ̀nù dọ́là, nípa gbígbà pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mú 21 dọ́là wá bí àwọn ìyókù. A kò lè fara mọ́ èyí. Ẹni tí ó sáré wá fúnra rẹ̀ àti ẹni tí a ní láti fi ọ̀rọ̀ dídùn fà lọ́wọ́, kí ni ó fi hàn pé ọrẹ wọn yóò dọ́gba? Iye orúkọ nìkan ni ìdánwò náà fi ṣe ìdájọ́. Ẹ̀rọ kan náà tí ó pín àlejò ni ìbá pa orúkọ àwọn ẹni "Sign Up" àti ti "Learn More" mọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí a sì wò wọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́fà: ta ni ó ṣì ń ṣí lẹ́tà, ta ni ó ti ní kí wọn yọ orúkọ òun kúrò, ta ni ó sì ti dáwó.