Gílóòbù Kan Ṣoṣo

Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe. Mo máa ń fín ọnà sára pákó, kí n tan iná sẹ́yìn rẹ̀, kí òjìji ọnà náà lè bo ògiri. Nínú gbogbo irú iṣẹ́ yìí tí mo mọ̀, mi ò rí èyí tó wù mí tó Intersections, tí Anila Quayyum Agha ṣe ní 2013.

Ìlú Lahore ní Pakísítánì ni wọ́n bí i sí. Àṣà ibẹ̀ nígbà tó ń dàgbà ni pé ọkùnrin ló ń lọ kírun ní mọ́ṣáláṣí. Ilé làwọn obìnrin bíi tirẹ̀ ti ń kí tiwọn. Ó dàgbà tán kó tó dé ààfin Alhambra ní Granada, lórílẹ̀-èdè Sípéènì. Ọnà táwọn Mùsùlùmí ayé àtijọ́ fín sára ògiri ibẹ̀ wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ó tún rí i pé tọkùnrin tobìnrin, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, ló ń wọlé.

Àpótí pákó tí gbogbo ojú rẹ̀ dọ́gba ló fi dá ìrírí méjèèjì yìí lóhùn, ẹsẹ̀ bàtà 6.5 ní ìbú, lóòró àti ní gíga. Lésà ni wọ́n fi gé ọnà òdòdó ara rẹ̀. Ó rọ̀ sáàárín yàrá, gílóòbù kan ṣoṣo ló sì wà nínú rẹ̀. Inú gílóòbù yẹn ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà. Bí ojú iná bá ṣe kéré tó ni etí òjìji ṣe ń mú tó. Ẹ fi iná onígo gígùn rọ́pò rẹ̀, gbogbo òdòdó ara ògiri á di àbàwọ́n, torí ìmọ́lẹ̀ á máa ti ibi púpọ̀ wá sójú kan náà. Òjìji sì ń fẹ̀ bó ṣe ń jìnnà síná: ọnà tí ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ lára pákó lè tó atẹ́ ńlá lára ògiri.

Mo mọyì iṣẹ́ iná tí Dan Flavin náà ṣe sí ṣọ́ọ̀ṣì Santa Maria Annunciata ní Milan, tí wọ́n parí ní 1997 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọ̀ iná ibẹ̀ ń yí padà títí dé apá pẹpẹ ni, ó ń darí ojú ẹni síbẹ̀. Ti Agha kò ní iwájú, kò ní ẹ̀yìn. Ẹni tó bá wọlé ti di ara ògiri: òdòdó á hàn lójú rẹ̀, á hàn lára aṣọ rẹ̀, pàápàá tó bá wọ funfun. Ní 2014, níbi ìdíje ArtPrize ní Grand Rapids, Amẹ́ríkà, ará ìlú dìbò fún Intersections, àwọn adájọ́ náà sì fún un lẹ́bùn.

Nílẹ̀ tiwa, àwọn ìyá wa ń kírun ní mọ́ṣáláṣí, àmọ́ ẹ̀yìn aṣọ títa ni àyè wọn sábà máa ń wà. Bí wọ́n bá gbà fún mi, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ gbé irú àpótí yẹn rọ̀ sí.