Ọkàn Eléré Ọ̀nà Jíjìn

Ọdún 1978 ni ìdíje Ironman bẹ̀rẹ̀ ní Hawaii. Eléré 15 ló gbéra, 12 ló parí rẹ̀. Ẹ sáà wò ó: èèyàn á lúwẹ̀ẹ́ kìlómítà 3.8, á gun kẹ̀kẹ́ fún 180, á tún wá sáré 42 lé e.

Lójú tèmi, inú ọkàn ni iṣẹ́ náà wà. Ẹni tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ láti Òkèhò lọ sí Ìsẹ́yìn nígbà ọyẹ́, ọ̀rọ̀ yìí á tètè yé e: atẹ́gùn gbígbẹ ń gbáni lójú, ètè ń ya, òkè ṣì ń bẹ níwájú. Eléré tó mọṣẹ́ kì í ro 180 pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àtilé ló ti gé e wẹ́wẹ́: òkè yìí ná, ká mu omi, ó di òkè kejì. Ó ti fojú inú rí i pé táyà lè jò, ó sì ti mọ ohun tí yóò sọ fún ara rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn, pé ó ti bá ìrora sọ̀rọ̀ kó tó dé.

Irú ọkàn bẹ́ẹ̀ wà nílé wa náà: lóṣù Kẹta ọdún 2024, òmùwẹ̀ kan, Akinrodoye Samuel, lúwẹ̀ẹ́ kìlómítà 11.8 lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá Third Mainland l'Ékòó, kí aráyé lè fetí sí ọ̀rọ̀ ìlera ọpọlọ. Ìdánrawò tí ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́ fún ló ṣáájú ọjọ́ yẹn. Ìdánrawò náà gan-an ni mo ń kí i fún.