Ìbúra, Èpè àti Èébú: Àríwísí Lórí Bí A Ṣe Ń Túmọ̀ "Swear"

Ìtọ́sọ́nà ìmáàkì kan fún aáyan ògbufọ̀ bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú àwọn gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tí a ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ túmọ̀ ni "He swore at his mother." Ìdáhùn tí ìtọ́sọ́nà náà gbà ni "Ó búra fún ìyá rẹ̀." Ọmọ tí ó kọ "Ó bú ìyá rẹ̀" pàdánù máàkì méjì. N kò gbà pé ọmọ náà ni ó yẹ kí ó pàdánù.

Ohun tí ó ṣi olùdánwò lọ́nà kò fara sin. Ó mọ̀ pé "swear" ni búra, kò sì ka "at" sí. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ kékeré yìí ni ó ń darí ìtumọ̀. Ọmọ tí ó búra fún ìyá rẹ̀ ń fẹ́ kí ìyá gba òun gbọ́. Ọmọ tí ó bú u ń wá ìjàngbọ̀n. Bí ẹnì kan bá kọ "Ó sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí ìyá rẹ̀," n ó fún un ní gbogbo máàkì. "Ó ṣépè fún ìyá rẹ̀" le jù. Ìdajì ni tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí, ó sì ní ìdí. Ìbúra gan-an ni "swear" láti ìbẹ̀rẹ̀. Inú rẹ̀ ni "answer" ti jáde, nítorí pé fífi ìbúra fèsì ẹ̀sùn ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ó yá, àwọn ènìyàn ń fi orúkọ Ọlọ́run àti ọgbẹ́ Jésù búra lásán bí inú bá ń bí wọn. Ọ̀ràn náà burú tó bẹ́ẹ̀ tí òfin 1606 fi bu owó ìtanràn pọ́n-ùn 10 lé ẹni tí ó bá fi orúkọ Ọlọ́run ṣeré lórí ìtàgé. Ìbúra lásán yìí ni ó di ọ̀rọ̀ rírùn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ka Mátíù 26:74 ní Gẹ̀ẹ́sì lónìí lè rò pé ọ̀rọ̀ rírùn ni Pétérù ń sọ, bẹ́ẹ̀ ìbúra ni ó ń bú pé òun kò mọ Jésù.

Yorùbá kò gba ọ̀nà yẹn. Ẹni tí ó búra fi ara rẹ̀ sábẹ́ ìyà: ó fi ẹnu kan irin, ó ní kí Ògún pa òun bí òun bá parọ́. Ẹni tí ó ṣépè rán ìyà sí ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bú ènìyàn kò pe òrìṣà kankan sí i. Àwọn ọmọ wa a máa gbé ìyàtọ̀ yìí wọ inú Gẹ̀ẹ́sì, wọn a kọ "She swore for me," ìyẹn ni pé ó ṣépè fún mi. Gẹ̀ẹ́sì wọn ni ó ṣìnà.

"Swear by" náà ní ewu tirẹ̀. Obìnrin tí ó "swears by" ìpara kan kò fi ìpara náà búra bí ẹni pé òrìṣà ni. Ó ń fọwọ́ sọ̀yà lórí rẹ̀ ni. Ẹni tí ó "swears blind" pé òun kò jalè sẹ́ kanlẹ̀. Ojú rẹ̀ kò fọ́.

Ó wá ku "búra wọlé" tí àwọn oníròyìn fi ń túmọ̀ "swear in." Ọjọ́ ìdìbò ni gómìnà ti wọlé, èwo tún ni ti wíwọlé lẹ́ẹ̀kejì? Adájọ́ Àgbà mú un búra ni. Ṣùgbọ́n ó ti mọ́ gbogbo ènìyàn lẹ́nu, n kò sì ní fagi lé e nínú ìwé ọmọ kankan. "Ó búra fún ìyá rẹ̀" ni n ó fagi lé.