Kí Míta Kọ́kọ́ Sọ̀rọ̀

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá nozzle tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yín ń ṣiṣẹ́, ẹ wá sikurudiráfà gígùn kan. Bí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́ lọ, ẹ fi ẹnu rẹ̀ kan ara nozzle, kí ẹ fi etí ti èèkù rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún bẹ́líìtì o. Ẹ ó gbọ́ tá-tá-tá. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 700 láàárín ìṣẹ́jú kan, nozzle kọ̀ọ̀kan á máa ṣí, á máa pa dé, ní nǹkan bí ìgbà mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tú ọkọ̀ ara mi fúnra mi ní Ìkòròdú, síbẹ̀ ìró yìí kò tíì sú mi.

Kabúrétọ̀ ni Volkswagen Beetle tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tò ní Ọ̀jọ́ ní 1975 ń lò. Etí ni àwọn bàbá mẹkáníìkì fi ń tún un ṣe: wọ́n á yí sikúrúù, wọ́n á gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, wọ́n á tún un yí. Mo bọ̀wọ̀ fún etí wọn. Ṣùgbọ́n láti 1967 ni Bosch ti gbé D-Jetronic, ẹ̀rọ oníná tó ń fín epo, sínú Volkswagen 1600, nígbà tí tòkunbọ̀ sì fi gba Èkó, brain box, kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀, ló ń pàṣẹ. Òun ló ń bi àwọn sẹ́ńsọ̀ léèrè: omi ti gbóná tó? Afẹ́fẹ́ tó ń wọlé ti pọ̀ tó? Eré wo ni ọkọ̀ ń sá? Lẹ́yìn náà ni yóò pinnu bí nozzle ṣe máa pẹ́ tó kó tó pa dé. Ẹ̀rọ tó ń béèrè ìbéèrè báyìí, èèyàn lè bi òun náà léèrè. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ yìí ti dùn mọ́ mi, ibẹ̀ náà ni inú sì ti ń bí mi sí àwọn tó máa ń sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ ẹ̀ wò ná."

Ẹ gba speed sensor yẹ̀wò, èyí tó ń ka eré ọkọ̀, tí mo sì fẹ́ràn jù nínú gbogbo sẹ́ńsọ̀. Ara gíábọ́ọ̀sì ló máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ Corolla àwọn ọdún 1990. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Japan ìgbà náà, ọ̀pá tó ń darí míta eré á yí ní ìgbà 637 kí ọkọ̀ tó rin kìlómítà kan, sẹ́ńsọ̀ á sì fi àmì iná mẹ́rin ránṣẹ́ fún yíyí kọ̀ọ̀kan. Àmì 2,548 nìyẹn. Ẹni tó bá ki táyà tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ bọ ọkọ̀ rẹ̀, eré tó ń sá ju èyí tí míta ń fi hàn án lọ.

Bí sẹ́ńsọ̀ yìí bá kú, ọlọ́kọ̀ á ní kò sí wàhálà, ṣebí ojú òun mọ eré. Brain box kò ní ojú. Ẹ́ńjìnnì lè bẹ̀rẹ̀ sí kú mọ́ ọn lọ́wọ́ nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ Ògólóńtò ní Ìkòròdú, kí gíà ọ̀tọ́mátíìkì máa wọlé lódìlódì. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota tó ṣáájú OBD-II, ìyẹn ètò tí a fi ń ka àṣìṣe inú brain box lóde òní, wáyà kékeré kan ti tó láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: ẹ fi so TE1 mọ́ E1 nínú àpótí tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ láì jí ẹ́ńjìnnì. Iná check engine á ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹrin, á sinmi díẹ̀, á tún ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì. Ẹjọ́ speed sensor ni 42 yẹn ń rò.

Ṣùgbọ́n 42 kò ní kí ẹ lọ ra sẹ́ńsọ̀ o. Ó ní àmì kò dé ọ̀dọ̀ òun ni. Wáyà lè ti já. Ẹrẹ̀ lè ti wọ sọ́ọ̀kẹ́ẹ̀tì. Eyín ike tó ń yí i lè ti jẹ. Màá fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn, màá gbé táyà iwájú kan sókè, màá fi irin gbè é lẹ́sẹ̀, nítorí jáàkì nìkan kò ṣeé fọkàn tán. Kí gíà wà ní firíì, kí kọ́kọ́rọ́ wà ní ṣíṣí. Màá wá fi míta tó ń wọn iná kan wáyà àmì, màá sì máa fi ọwọ́ yí táyà díẹ̀díẹ̀. Bí volt bá ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀, sẹ́ńsọ̀ kò jẹ̀bi, wáyà ni ká tọ̀ lọ.

Ti epo fẹ́ sùúrù jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì fẹ́ ọ̀nà tó là. Amẹ́ríkà ti sọ OBD-II di dandan láti orí ọkọ̀ 1996, ìdí nìyẹn tí gbogbo Camry Big Daddy àti Muscle tó ti ibẹ̀ wá fi ní sọ́ọ̀kẹ́ẹ̀tì oníhò 16 lábẹ́ sítíárìn. Ẹ ki ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń pè ní ELM327 bọ̀ ọ́, fóònù yín á máa ka ohun tí brain box ń rò. Bí kóòdù P0171 bá jáde, ìyẹn ni pé epo kò tó afẹ́fẹ́, ọ̀pọ̀ èèyàn á sáré lọ ra sẹ́ńsọ̀ òkísíjìn, ẹni tó kàn mú ìròyìn wá. Èmi á kọ́kọ́ dúró sí Ìkòròdú, màá wo fuel trim, ìyẹn iye epo tí brain box ń fi kún tàbí tó ń dín kù, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ kò rìn. Lẹ́yìn náà, màá gba Ìmọ́tà kọjá sí Ìtóìkín, kí n di eré kan mú lọ sí Ẹ̀pẹ́; ọmọ mi á máa ka fóònù, èmi á dojú kọ títì. Bí trim bá ga ní ìdúró tó sì wálẹ̀ lójú eré, afẹ́fẹ́ ń gba ibi tí kò yẹ wọlé, rọ́bà kan ti la. Bó bá jẹ́ pé lójú eré ló ti ń ga sí i, pọ́ǹpù epo àti fílítà ni kí ẹ fura sí, tàbí sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ tó dọ̀tí. Ìyàwó mi mọ̀ pé bí mo bá ní mò ń lọ ra ẹja ní Ẹ̀pẹ́, ọkọ̀ ni mò ń lọ dán wò. Mo máa ń ra ẹja náà ṣá.

Àwọn kan ń fi resistor tan brain box jẹ kí iná check engine lè kú. N kò ka ìyẹn sí àtúnṣe. Epo ọlọ́kọ̀ ni yóò san gbèsè rẹ̀, epo kò sì tún ṣeé fi ṣòfò mọ́ láti ìparí oṣù karùn-ún 2023, tí lítà kan fò láti nǹkan bí náírà 185 sí 488 ní Èkó. Àwọn aládùúgbò tó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló wá ń béèrè bóyá nozzle àwọn ń jò.

Ẹni tó bá fẹ́ tú nozzle fúnra rẹ̀, kó kọ́kọ́ yọ fíúùsì pọ́ǹpù, kó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ títí á fi kú. Epo inú páìpù yẹn lè ní agbára psi 44 sí 50. Bó bá tú sára ẹ́ńjìnnì gbígbóná, iná ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ò sì fẹ́ fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ gbé ọkọ̀ yín lọ fún ríwáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀. Bó bá ní kí ẹ lọ ra sẹ́ńsọ̀ ní ọjà Ládìpọ̀, ẹ fi pẹ̀lẹ́ bi í pé, "Ọ̀gá, kí ni míta kà?" Bí kò bá tíì wọ̀n ọ́n, ẹ jẹ́ kí owó yín wà lápò ná.